Ìbọn Ọlọ́pàá Kò Mọ Ọmọ Burúkú

Ọ̀rọ̀ kan ti di ọ̀rọ̀ ẹnu tàgbà tèwe láàárín wa: wọ́n ní ọmọ tí ọlọ́pàá bá lù, ó ní ohun tó ṣe, wọ́n ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé kì í kó sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àwọn òbí mìíràn tilẹ̀ ń wọ́ ọmọ wọn lọ sí àgọ́ fúnra wọn, wọn a ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi nà án dáadáa, ẹ tì í mọ́lé títí di Mọ́ńdè, orí ẹ̀ á pé." Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Iva Valley ní ìlú Enugu, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú inú ilẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń béèrè owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n, wọ́n ń béèrè ìgbéga fún àwọn tó ń gé èédú, wọ́n sì ń béèrè owó ilé àti owó ọkọ̀. Àwọn aláṣẹ kọ̀. Àwọn náà bá ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Baba ọlọ́mọ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n "bọ́ì" làwọn ọ̀gá òyìnbó ń pè wọ́n, bí ẹni tí wọ́n lè fi pàṣán tọ́ nígbàkígbà. Ní ọdún 1945, òyìnbó alábòójútó kan ti lu Okwudili Ojiyi, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́.

Ẹ̀rù wá ń ba ìjọba pé dáínámáìtì tí wọ́n fi ń fọ́ inú kòtò lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Zikist tó ń jà fún òmìnira. Ni wọ́n bá rán ọlọ́pàá lọ kó o. Àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ kó lọ, wọ́n gbà pé bó bá ti kúrò níbẹ̀, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ pa, ebi á sì wọlé dé. Ní ọjọ́ 18, wọ́n kóra jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, àwọn kan so aṣọ pupa mọ́ fìlà iṣẹ́ wọn. F. S. Philip, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀, wo ijó yẹn, ogun ló rí. Ó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́.

Ìgbìmọ̀ Fitzgerald tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tiwa jókòó nínú rẹ̀, gbé àbọ̀ wọn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní Philip ṣi ọ̀rọ̀ náà rò. Àṣìṣe lásán ni wọ́n ka òkú 21 sí!

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀ léra. Ẹ̀rù tó ba ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ dé. Ìbọn tẹ̀ lé e. Ìgbà tí òkú ti sùn tán ni wọ́n wá ń sọ pé èrò náà fẹ́ kọlu ọlọ́pàá, pé wọ́n fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọlọ́pàá kì í kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ burúkú ni kó tó yìnbọn fún un. Ó máa ń yìnbọn fún un tán ni, kó tó máa wá ìwà burúkú tí yóò dì mọ́ ọn lára.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ní Ìyánà-Òwòrò l'Ékòó, ìbọn ọlọ́pàá ba ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ó sì kú. Awakọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá náà ń lé, wọ́n ló rú òfin kónílé-ó-gbélé. Kí ni ọmọ yẹn ṣe? Ó dúró síbi tí ìbọn ń kọjá. Ẹ̀kọ́ ilé wo ni ìyá rẹ̀ kò fún un? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 sí oṣù karùn-ún 2020 yẹn kan náà, àjọ Amnesty kọ ọ̀ràn 82 sílẹ̀ tí ikọ̀ ọlọ́pàá SARS ti fìyà jẹ ènìyàn, tí wọ́n ti lù wọ́n, tàbí tí wọ́n pa wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Irun dídì, fóònù olówó ńlá, sòkòtò tó ya lórúnkún: nǹkan wọ̀nyí ló sọ wọ́n di ọmọ Yahoo lójú ẹni tó gbé ìbọn.

Ti Àbújá ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ lórí ìwọ́de ebi tó wáyé ní oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 wà nínú wọn. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba, tí ikú jẹ́ ìyà rẹ̀, ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́, nítorí wọ́n ti rù hangogo. Nígbà tí ariwo pọ̀, Ààrẹ ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ìjọba sì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ lóòótọ́, ṣé ọjọ́ mẹ́rin ni ìdìtẹ̀ fi ń tán lára ọmọ?

Mo mọ̀ pé ẹni tí àwọn ọmọ ìta Awawa ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ágége kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Ọmọ tó yọ ọ̀bẹ, kí ọlọ́pàá gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dè é, kó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni lílù tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti de ọmọ tán.

Wọ́n á ní ẹ̀rù á mú kí ọmọ gbọ́n. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey, láti nǹkan bí ọdún 1976, wọ́n ń kó àwọn ọmọ aláìgbọràn wọlé kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n pariwo mọ́ wọn, kí jìnnìjìnnì bò wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n dẹ́rù bà tún ń rúfin ju àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn lọ. Ti Iva Valley ńkọ́? Ìbọn náà kò mú kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Rògbòdìyàn tàn dé Aba, Onitsha, Port Harcourt àti Calabar, Dókítà Akínọlá Májà sì ṣíwájú ìgbìmọ̀ tó jà lórí ọ̀rọ̀ náà l'Ékòó.

Òfin pàápàá kò sí lẹ́yìn ọlọ́pàá tó ń lu ọmọ. Òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀ gba àwọn kan láàyè láti na ọmọ fún ìtọ́ni, láìdá ọgbẹ́ sí i lára: òbí, alágbàtọ́, olùkọ́, àti ọ̀gá tí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ ọlọ́pàá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 tún sọ pé bí wọ́n bá mú ọmọ, kí wọ́n sọ fún òbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì ṣe é léṣe. Òfin ọdún 2017 sọ ìfìyàjẹni di ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ pé ọlọ́pàá yìnbọn lu ọmọ kan, ẹ má tíì bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ náà ṣe. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó yìnbọn. Ẹ béèrè ẹni tó pàṣẹ fún un. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò gbé e dé ilé ẹjọ́, kí ẹ sì lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.