Freeman Láàárín Ṣódẹkẹ́ àti Gezo

Ní Accra ni Thomas Birch Freeman kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn Ẹ̀gbá kò lè sọ ìtàn bí ìhìnrere ṣe wọ Abẹ́òkúta kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ aṣíwájú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì di ẹni tí ń gbin ewébẹ̀ ní ẹ̀bá Accra, díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe nílùú Òyìnbó kí wọ́n tó rán an wá sí Cape Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1838. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n gúnlẹ̀ tí ikú fi mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Kò padà sílé. Ní ọdún 1839 ó wọ Kumasi, lẹ́yìn tí ọba Àṣáńtì ti dá a dúró lọ́nà fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Nígbà tí ó tún lọ ní 1841, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n mú lọ ta ọba náà lọ́rẹ. Ènìyàn ni ó wọ́ ọ gba inú igbó kìjikìji dé ibẹ̀. Kí òǹkàwé má gbàgbé kẹ̀kẹ́ yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá dé.

Lẹ́tà ni ó pè é wá sí ọ̀dọ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1841, James Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tí ó padà sí Àgbádárìgì, kọ̀wé bẹ Ìjọ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Freeman àti William de Graft, ọmọ Fante, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1842. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 11, oṣù kejìlá, Freeman ti dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó padà sí Àgbádárìgì, ó pàdé Henry Townsend ti CMS, wọ́n sì jọ ṣe ọdún Kérésìmesì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń parí ìtàn náà sí.

Ohun tí ó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843 ni ó fi irú ènìyàn tí í ṣe hàn. Ó gba Whydah lọ bá Gezo, ọba Dàhọ̀mì. Àgbádárìgì kò lágbára tó èyí tí yóò fi dá dúró: Èkó wà ní ọwọ́ kan, Àjàṣẹ́ wà ní ọwọ́ kejì, Ẹ̀gbá ń wá ọ̀nà òkun, Dàhọ̀mì kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i. Bí ẹni tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run sí irú ibẹ̀ bá fi Ṣódẹkẹ́ nìkan ṣe ọ̀rẹ́, ta ni yóò mú un dá Gezo lójú pé ilé náà kò gbè sẹ́yìn ogun Ẹ̀gbá? Ní 1844 ni ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. "Aku" ni ó pe Yorùbá nínú àkọlé rẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní Sàró nítorí "ẹ kú" tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn.

Ìwé ni ó fi ń darí àwọn ibùdó tí ó jìnnà síra wọn wọ̀nyí. Títí di ọdún 1852, kò sí ọkọ̀ ojú omi kan tí ń kó lẹ́tà wá déédéé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí etíkun yìí. Kí ìbéèrè tó dé Lọ́ńdọ̀nù kí èsì tó padà, oṣù púpọ̀ ti kọjá. Nítorí náà, Freeman á kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó tọ́ lójú rẹ̀, á náwó, á wá kọ̀wé. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà kò jẹ̀bi tán: owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá ní tọ́rọ́ àti sísì ni wọ́n ń ṣọ́, ọkùnrin náà kò sì mọ owó ṣírò rárá.

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, ọdún 1851, ọmọ ogun Dàhọ̀mì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí rẹmi. Ní oṣù kẹfà, ìjà àwọn ti Akíntóyè àti ti Kòsọ́kọ́ ba Àgbádárìgì jẹ́. Síbẹ̀, Freeman kò tìlẹ̀kùn mọ́ Dàhọ̀mì. Ní 1854 ó tún wá sí Abẹ́òkúta, ọdún yẹn kan náà ni Ìjọ rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Whydah, lábẹ́ Gezo. Àwọn kan lè pè é ní olójú méjì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn kò sí tí àwọn olùkọ́ tí ó wà ní ìhà méjèèjì fi lè sùn kí wọ́n jí.

Gbèsè ni ó lé e lọ. Ní 1857 ó fi ipò sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi í ṣe alákòóso agbègbè Accra, níbi tí ọkọ̀ ogun wọn ti yìnbọn lu Osu, Labadi àti Teshie ní 1854 nítorí owó orí. Ní 1860, wọ́n yọ ọ́. Ó padà sídìí iṣẹ́ ọgbà tí ó kọ́ léwe.

Nígbà tí Gẹlẹlẹ, ọmọ Gezo, tún kógun wá bá Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1864, Peter Bernasko, ọmọ Fante, ni ó ń ṣọ́ ilé Ìjọ ní Whydah. Mẹ́tọ́díìsì sì wà nínú odi tí ogun náà ń bọ̀ wá bá. Freeman wà nídìí ewébẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òun ni lẹ́tà wọn ń wá bá mọ́.

Ní 1873, Ìjọ tún gbà á padà. Ẹni ọdún 63 ni. Ó wàásù ní Anomabu, lẹ́yìn náà ní Accra, títí di ọdún 1886 tí ara kò gbé e mọ́.