Ọwọ́ Tó Wọ Akèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Apá kìíní òwe yìí ló máa ń yá wa lára. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kí ọ̀dọ́ nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì, wọn á kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn, ọ̀jọ̀gbọ́n á nawọ́ sórí pẹpẹ, á gbé ohun tó wà níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún wọn. Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á ya fọ́tò, ó parí. Ta ló rántí akèrègbè?

Ọ̀rọ̀ Erasto Mpemba ni kó ṣàlàyé apá kejì fún wa. Lọ́dún 1963, ó ń lọ sí iléèwé girama Magamba ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tàǹsáníà lónìí. Àwọn ọmọ iléèwé náà a máa ṣe áísìkirîmù fúnra wọn: wọn á se mílíìkì, wọn á po ṣúgà mọ́ ọn, wọn á jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó gbé e sí fìríìjì. Àyè inú fìríìjì ò tó, kálukú ń du tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan sáré gbé mílíìkì tirẹ̀ sí i láìsè é rárá. Mpemba rí i pé bí òun bá ní kí tòun tutù, àyè á tán. Ó bá gbé e wọlé gbígbóná. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, tirẹ̀ ti dì, ti ẹnì kejì kàn ki lásán ni.

Ó bi olùkọ́ rẹ̀ pé kí ló fà á. Olùkọ́ ní ọkàn rẹ̀ ló dàrú. Nígbà tó dé iléèwé Mkwawa ní Iringa, ó tún bi olùkọ́ mìíràn, ìyẹn ní físíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ẹ̀fẹ̀ dé! Bó bá ti ṣi ìṣirò báyìí, kíláàsì á ní ìṣirò Mpemba ni.

Ìgbà tó yá, Denis Osborne, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì Dar es Salaam, wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mpemba dìde, ó tún béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Osborne fúnra rẹ̀ rò pé ọmọ náà ṣì í, àmọ́ kò fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ó ní òun á dán an wò. Ẹni tó bá a ṣe é jábọ̀ pé omi gbígbóná ló kọ́kọ́ dì lóòótọ́, ó wá fi kún un pé àwọn á máa tún un ṣe títí èsì tó tọ́ á fi jáde. (Àgbà ọ̀hún ò gbà pé ọwọ́ òun ò wọ̀ ọ́!) Lọ́dún 1969, Mpemba àti Osborne jọ kọ ọ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Physics Education.

Aristotle àti Descartes ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Orí pẹpẹ ló wà láti ọjọ́ yìí wá, ìwọ̀nba ènìyàn ló wò ó.

Níbi púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, olùkọ́ ti ka èsì fún àwọn ọmọ kọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun èlò, bí ohun èlò bá tilẹ̀ wà. Ọmọ tójú rẹ̀ bá rí ohun mìíràn á pa á rẹ́, á kọ ti inú ìwé, torí ìyẹn ló ní máàkì. Ẹ wá fẹ́ kó nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì.

Fìrísà ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé tó ṣe ti Mpemba, bí iná bá wà ṣá. Ife méjì tó bára mu, omi gbígbóná nínú ọ̀kan, omi tútù nínú èkejì, kí ọmọ máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ó lè rí bíi ti Mpemba, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Society of Chemistry, ní kí aráyé wá ṣàlàyé ohun tí Mpemba rí, èsì tí wọ́n rí gbà lé ní 22,000. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ méjì kan tún kọ̀wé pé àwọn ò rí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Olùkọ́ tó bá ti mọ èsì kí omi tó wọ fìrísà, kó ní sùúrù díẹ̀: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ò tíì fẹnu kò.