Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Sọ́kẹ́ẹ̀tì Yẹn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ rédíò mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ.

Bátìrì mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa rà láàárín ọdún kan ní Ìkòsí. Corolla 1999 ló ń wà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mọ́tò ò ní sítáàtì, a ó máa bẹ aládùúgbò pé kó fún wa ní iná bátìrì tirẹ̀. Àwọn kan ní bátìrì ayédèrú ni, àwọn kan ní mọ́tò ti gbó. A ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Rédíò ló ń fà á. Nígbà tí wọ́n yọ rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó bá mọ́tò wá, tí wọ́n fi èyí tó ń gba USB síbẹ̀, rewáyà gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ dànù. Ó lọ́ wáyà pupa àti yẹ́lò rédíò tuntun náà pọ̀ mọ́ iná tí kì í kú. Ẹ̀gbọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, ó lọ sùn. Rédíò ò sùn. Ó ń fa iná mọ́jú.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Yẹ́lò ló ń gba iná bátìrì nígbà gbogbo, kí rédíò má baà gbàgbé aago àti ìkànnì. Pupa ò gbọdọ̀ ní iná àfi tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, ara irin mọ́tò ló ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ inú mọ́tò ò bá ti rédíò mu. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná bátìrì, àwọ̀ eérú ni ti kọ́kọ́rọ́, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń fi ojú so wáyà, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ó ń kọrin?" Ó ń kọrin lóòótọ́. Wáyà tí wọ́n fi dí ojú fíúsì tó jó náà ń gbé iná, títí ọjọ́ tí dáṣíbọọ̀dù máa gbiná. Iṣẹ́ fíúsì ni kó kú kí mọ́tò lè yè.

Ẹ má sì sọ pé torí rewáyà ò kàwé ni. Àwa mẹ́ta tó ń kọ́ nípa iná mànàmáná la dúró yí mọ́tò yẹn ká, a ò rí nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ kan ní Kétu ló yọ kọ́kọ́rọ́, tó fi tẹ́sítà kan wáyà pupa, tí iná tàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, olè yín nìyí." Ojú tì wá.

Ẹ̀bi wa tún ni pé a máa ń ná owó iṣẹ́ títí tí ẹni tó ń ṣe é ò fi ní sùúrù láti yẹ nǹkan wò.

Nítorí náà, kí pílásì tó jáde, kí tẹ́sítà kọ́kọ́ jáde. Ẹ ra wáyà alásopọ̀ tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín mu. Ẹ má jẹ́ kí wáyà sípíkà kankan kan irin mọ́tò. Fíúsì tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi dípò. Kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ tó pé. Bátìrì mẹ́ta wọ́n jù ú lọ.