Ìlà Ogun Gíríìkì àti Ti Ìbàdàn

Àwọn kan gbà pé ogun tí kò bá ní ìlà gbọọrọ kò létò. Gíríìkì ayé àtijọ́ ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, wọ́n á ní ohun tí àwọn baba wa ṣe ní ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀), kò ju ìjà ìgboro lọ.

Ká má fi ẹ̀tọ́ Gíríìkì dù wọ́n. Jagunjagun wọn gbé apata ńlá sí apá òsì, ó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdajì apata náà ń bo òun fúnra rẹ̀, ìdajì yòókù ń bo ẹni tó wà ní òsì rẹ̀. Ẹni tó bá sá, ẹnìkejì rẹ̀ ló tú sí ìhòòhò. Ìlà mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀léra. Ní Leuctra, ní 371 ṣáájú ìbí Kristi, Epaminondas ará Thebes to 50 sí apá òsì rẹ̀, ó sì fi fọ́ ogun Sparta.

Àmọ́ ilẹ̀ títẹ́jú ni ìlà yẹn ń fẹ́. Ní erékùṣù Sphacteria ní 425, ilẹ̀ rí págunpàgun. Àwọn tafàtafà àti àwọn tó ń sọ òkò yí ará Sparta ká: bí a bá lé wọn, wọ́n á sá, bí a bá yíjú padà, wọ́n á tún dé. Nínú 420 tó wà níbẹ̀, 292 ló juwọ́ sílẹ̀.

Ta ló wá fẹ́ to ìlà mẹ́jọ nínú igbó tiwa? Ẹni tó bá yin ṣakabùlà tán ní láti fà sẹ́yìn lọ kì í, kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ni ètò Ìbàdàn wà: Balógun láàárín, Ọ̀tún Balógun ní ọ̀tún, Òsì Balógun ní òsì, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ ogun tó ń bọ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó ti kù káàtó náà nìyẹn, nítorí olóyè tí inú ń bí lè káwọ́ gbera. Síbẹ̀ ètò yìí ṣiṣẹ́. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840, òru ni Ìbàdàn lọ ká ogun Ìlọrin mọ́ ibùdó, ẹṣin wọn kò sì wúlò. Ní ogun Jálumi, 1 oṣù kọkànlá 1878, ọjọ́ kan péré ni Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n fi tú àwọn ọ̀tá ká ní Ìkìrun.

Ní Kírìjì ni nǹkan ti dúró gbọnyin. Lónìí, mọ́tò tó gbéra ní Jíbówú l'Ékòó láàárọ̀ á dé Ìbàdàn kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà náà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sé ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Èkìtìparapọ̀ ní tiwọn ń rí ìbọn ìgbàlódé tí à ń ki ọta sí láti ìdí gbà, àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ló ń fi ránṣẹ́. Ó di kí ìhà méjèèjì máa wo ara wọn láti ibùdó. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó náà ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ibùdó kò sì tú tán títí di 1893.

Lójú tèmi, ẹ̀sùn àìlétò kò dúró. Ti ọdún tó ṣòfò ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ kí ẹni tó bá fi ń yọ ṣùtì sí wa má gbàgbé pé Athens àti Sparta, pẹ̀lú gbogbo ìlà wọn, bá ara wọn fà á fún ọdún 27, láti 431 dé 404 ṣáájú ìbí Kristi.