Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ya Fọ́tò Nídìí Sákúrà, Ta Ló Kọ́ Yín?

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa sì ti dákẹ́ jù.

Ẹ kúrò ní London, ẹ kúrò ní Èkó, ẹ wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ Japan nítorí òdòdó sákúrà. Kò burú. Òdòdó náà rẹwà, bó bá sì ti là tán, bí ọ̀sẹ̀ kan ló ń lò kó tó rẹ̀ dànù. Ìdí tí ẹ fi ń sáré nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé eré yẹn ló ní kí ẹ gun igi? Ṣé òun ló ní kí ẹ di ẹ̀ka mú, kí ẹ máa mì ín, kí òdòdó lè máa já lé yín lórí nínú fọ́tò? Sákúrà tí wọ́n bá dá lẹ́ka, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà. Ta ló kọ́ yín? Ní tẹ́ḿpìlì Ninna-ji ní Kyoto, igi sákúrà kúrú débi pé òdòdó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èèyàn nímú. Kí lẹ tún ń fà lulẹ̀? Ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì ìlú náà ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé wọlé mọ́, torí ẹ̀ ń dí ọ̀nà. Ẹ̀ ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó wá gbàdúrà, nínú ilé àdúrà!

Ti ìlú Fujiyoshida ló dùn mí jù. Gbogbo yín lẹ mọ fọ́tò náà: ilé gogoro pupa alájà márùn-ún, sákúrà yí i ká, òkè Fuji lẹ́yìn. Ẹ gun àtẹ̀gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irínwó débẹ̀. Ta nínú yín ló béèrè ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún 1963? Ìrántí àwọn ọmọ ìlú tó bógun lọ ni. Òkú ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń fò sókè níwájú rẹ̀ yẹn, tí ẹ ń jùdí. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ̀yin ní ojú méjì, ẹ fi ti kámẹ́rà kún un, síbẹ̀ ẹ ò rí i! Nílé tiwa, nínú igbó mímọ́ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, ta nínú yín ló láyà láti dá ẹ̀ka kan? Kí làwọn baba wa yóò wí?

Lóṣù Kejì ọdún 2026, ìjọba ìlú Fujiyoshida ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ò ṣe ayẹyẹ sákúrà mọ́. Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kà: àlejò ń ṣílẹ̀kùn ilé onílé, ó ń wá ilé ìgbẹ́. Òmíràn yàgbẹ́ sínú ọgbà ẹni ẹlẹ́ni. Onílé sọ̀rọ̀, ó tún gbéná wojú onílé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó ni. Ṣé mo béèrè àwọ̀ ni? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ láti kágò kó tó wọlé, kí ló gba àgò lẹ́nu rẹ̀? Ta ló kọ́ yín?

Òdòdó yóò ṣì là, àlejò yóò ṣì dé. Ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ilé ìgbẹ́ alágbèéká síbẹ̀, àwọn yóò sì fi ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ o! Kí àgbàlagbà tó mú ìwé ìrìnnà wọ bàálù lè mọ ibi tó yẹ kó yàgbẹ́ sí.