Ajá Kò Mọ Ẹ̀jẹ̀ Olówó Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Ilé Tó Ní Ajá Tó Sì Ń Retí Ọmọ

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń sin ajá, tí ìyàwó rẹ̀ sì lóyún, pé kí ló ń ṣe nípa ajá náà. Láti Bódìjà dé Ìkòròdú, èsì kan náà lẹ ó gbọ́: “Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ajá mọ ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀. Kò lè bu ọmọ ilé jẹ.” Àwọn tó gbọ́n féfé láàrin wọn á fi kún un pé kí bàbá ọmọ mú aṣọ tí wọ́n fi we ìkókó ní ilé ìwòsàn wálé ṣáájú. Bí ajá bá ti gbóòórùn aṣọ yẹn, ó ti mọ ọmọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Ohun tí àwọn dókítà rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn ọmọdé tí ajá bù jẹ ni pé ajá ìgboro kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bu ọmọ kékeré jẹ. Ajá tí ọmọ náà mọ̀ ni, ajá ilé wọn, ti ẹbí tàbí ti ará ilé kejì. Inú ilé ló sì ti máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọmọ ń fọwọ́ kan ajá ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí àgbà yíjú sẹ́yìn. Nítorí pé ọmọdé kúrú, orí rẹ̀ bá ẹnu ajá dọ́gba, ojú, orí àti ọrùn rẹ̀ ni eyín ń bá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ajá sọ̀rọ̀ ni, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló yẹ kó gbọ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ilé kan ṣì ń rì ibi ọmọ mọ́lẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Bí ihò kò bá jìn, ajá yóò hú u. Nígbà náà làwọn àgbà máa ń pariwo pé ajá náà kì í ṣe ojú lásán. Ojú lásán ni o. Ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ló gbóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ olówó rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fẹ́ jẹ.

Ohun tí ajá mọ̀ ni ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, John Paul Scott àti John Fuller, fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ajá, wọ́n ń wo ìdàgbàsókè wọn, ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1965. Wọ́n rí i pé láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ayé ọmọ ajá ló ń mọ ẹ̀dá tí yóò kà sí ará ilé. Ẹ̀dá tí kò bá rí lásìkò yẹn, ìnira ni kó tó fara mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà náà. Ajá tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, tó kúrò nínú kéèjì kan bọ́ sínú òmíràn, tí kò fojú kan ìkókó rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ènìyàn ni nǹkan kékeré tó dé yìí? Kò rìn bí ènìyàn. Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni nílé. Igbe rẹ̀ ń dún bí igbe ẹran kékeré tí nǹkan mú. Àwọn baba wa tí ẹ ń fi orúkọ wọn ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn kò ṣàìmọ èyí. Àwọn náà ló ní ajá mọ ọmọ tirẹ̀ í fún lọ́mú, ó mọ ọmọ ọ̀yà í kì mọ́lẹ̀.

Ẹ ó ní, “Ṣùgbọ́n bàbá wa sin ajá, a sì pọ̀ nílé, kò bu ẹnì kankan jẹ.” Mo gbà. Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ṣẹ̀ nìyẹn, mi ò sì ní bú u. Nínú agbolé, ìkókó kì í wọ́n. Ọmọ ajá dàgbà sáàárín ọmọ tó ń rákòrò àti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Abiyamọ ń pè é kó wá lá ìgbẹ́ ọmọ nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ẹ má fajú ro, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá fa ìrù rẹ̀ jù, ó dìde, ó gba ìdí àkìtàn lọ, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ajá yẹn mọ ọmọdé, ó sì lè kúrò níbi tí ọmọdé wà. Ohun méjì tó ṣọ́ yín nìyẹn.

Ajá ti òde òní kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Alséṣọ̀n ni, tàbí Rottweiler, tàbí Boerboel, tàbí ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sán gbogbo ló fi wà níbẹ̀. Òru ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ géètì. Nítorí pé ó burú la ṣe rà á. Àwọn mìíràn ń fún un ní ata, wọ́n ń fi igi gún un láàrin irin kéèjì kó lè túbọ̀ le. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Denver ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1994, fi àwọn ajá tó bu ènìyàn jẹ wé àwọn tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ ládùúgbò kan náà. Lára ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó bu ènìyàn jẹ sábà máa ń jẹ́ akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá, wọ́n sì máa ń so wọ́n mọ́ ṣéènì nínú ọgbà. Àpèjúwe ajá tó wà lẹ́yìnkùlé wa gẹ́lẹ́! Òun la ní kó dá ẹ̀jẹ̀ mọ̀.

Ní ti aṣọ ilé ìwòsàn, kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe kò tó nǹkan. Òórùn ọmọ kọ́ ni yóò da ayé ajá rú. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ kò ráyè mọ́. Ẹ ti lé e kúrò ní pálọ̀ tó ń sùn sí. Àlejò kún ilé, igbe kò dákẹ́ lóru, gbogbo rẹ̀ sì dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọmọ. Ẹ wá ń sọ pé ó ń jowú. Ẹ̀yin lẹ so ìyà rẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Oyún kì í bá ènìyàn lójijì títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ ní oṣù púpọ̀. Ohunkóhun tí yóò bá yí padà, ẹ yí i padà nísinsìnyí. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ló ń fún ajá lóúnjẹ, kí ọkọ gbà á ṣe láti oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Bí kò bá ní wọ yàrá mọ́, kí ẹnu ọ̀nà yàrá ti di èèwọ̀ fún un kí ọmọ tó dé. Ẹ wá igbe ìkókó sórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí ajá ń jẹun, kí ẹ máa gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Kí ìyá fi àdín tàbí òróró ọmọ àti pọ́dà tí ẹ fẹ́ lò para. Kó sì pọn ọmọlángidi. Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ajá tó ti máa ń fò mọ́ ìyá láti ẹ̀yìn, ìsinsìnyí ló yẹ kó kọ́ pé a kì í fò mọ́ ẹni tó pọnmọ.

Ọjọ́ ìkómọ ni mo bẹ̀rù jù. Ọjọ́ kẹjọ péré ni. Ajá kò tíì mọ ohun tó dé bá a. Kánópì ti bo ojúde, ìlù ń dún, wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ àlejò ń ju egungun sí ajá tí wọ́n so. Ẹ má ṣe so ó síbẹ̀. Kó ti kúrò nílé láti àárọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀, tàbí kó wà ní yàrá tí a tì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ náà nílò àlàyé, nítorí ìyá àgbà yóò sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ó mọ̀ pé ọmọ ilé ni.” Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ má bínú, Mà, a ò ní fi í sílẹ̀.”

Ìwà kan wà tó ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ajá kùn mọ́ ọmọ, bàbá fa ẹgba yọ. Ajá tó kùn ti ṣe yín lóore: ó ní òun kò fẹ́, ẹ gbé ọmọ kúrò. Bí ẹ bá nà án títí tó fi dákẹ́ kíkùn, kì í ṣe pé inú rẹ̀ ti yọ́. Ìkìlọ̀ ló jáwọ́ nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn, eyín ló máa kọ́kọ́ dé. Kó tó kùn pàápàá ó ti sọ̀rọ̀: ó lá ètè láìjẹun, ó yán láìṣe pé oorun ń kùn ún, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí funfun ojú rẹ̀ fi hàn, gbogbo ara rẹ̀ le. Ìrù tó ń jù kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ nígbà gbogbo. Nígbà tí ó bá sì ń lá ojú ọmọ tí ẹ ń ya fọ́tò, ẹ rántí pé ẹnu tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń bù ú jẹ.

Bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ máa rò pé ẹ ti bọ́. Ewu ń bọ̀ níwájú, nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí rákòrò. Ìgbà náà ló máa tọ ajá lọ fúnra rẹ̀, síbi abọ́ rẹ̀, síbi egungun rẹ̀, síbi tó sùn sí, á di irun ajá mú kó lè dìde. Kí ajá ní ibì kan tí ọmọ kò lè dé. Kí ọmọ àti ajá má wà pọ̀ lójú kan láìsí àgbà tó ń wò wọ́n. Tó ń wò wọ́n, mi ò sọ pé tó wà nínú ilé.

Àwọn kan ti gba òdìkejì, wọ́n ní kí a lé ajá dànù lọ́jọ́ tí oyún bá ti dúró, nítorí irun rẹ̀ yóò ba ọmọ inú jẹ́. Ọ̀rọ̀ ológbò ni wọ́n gbọ́ ní ìdajì: ìgbẹ́ ológbò àti ẹran tí kò jinná ni kòkòrò tó ń ṣe ọlẹ̀ ní jàǹbá ti ń wá. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Sweden ní 2015 tilẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tó bá ajá gbélé ní ọdún àkọ́kọ́ wọn kì í sábà ní ikọ́ ẹ̀fúùfè tó àwọn yòókù nígbà tí wọ́n bá wọ ilé ìwé; nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 ni ìyàtọ̀ náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni dìgbòlugi, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Abẹ́rẹ́ ọdọọdún lọ́dọ̀ dókítà ẹran ló ń dí i lọ́nà. Ẹ fún ajá ní oògùn aràn pẹ̀lú, kí ọmọ tó máa fọwọ́ ra ilẹ̀. Bí eyín bá sì ti wọ ara, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó máa sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jó irun ajá lé ojú egbò.

Ajá tó ti bu ọmọdé jẹ rí, tàbí tó ń lépa ewúrẹ́ àti adìyẹ títí tó fi ń pa wọ́n, kò sí ìmúrasílẹ̀ kankan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún un. Ẹ bi dókítà ẹran, kó sì kúrò nílé kí oyún tó pé oṣù méje, lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ọmọ kékeré, tó sì ti ẹnu yín gbọ́ ìdí tí ẹ fi ń yọ̀ǹda rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá ní abúlé, níbi tí gbogbo ọmọ àbúrò yín yóò ti lọ lo ọlidé Kérésìmesì.