BỌ́TÌNÌ MÉJÌ KÒ SÍ LÁRA AṢỌ ÌYÁ ỌLỌ́MỌ MÁRÙN-ÚN!

Télọ̀ tó bá rí àwòrán obìnrin yìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Àbí ẹni tó rán aṣọ yìí kò parí iṣẹ́ ni?" Bọ́tìnì méjì kò sí lára aṣọ náà. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà gbáfẹ́ o! Àkẹtẹ̀ ńlá wà lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì di Bíbélì mú síwájú ikùn.

Ẹ farabalẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ayàwòrán ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ bọ́tìnì náà. Kadir Nelson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán yìí ní 2017, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní Washington ló sì jọ ni ín. Henrietta Lacks lorúkọ obìnrin náà. Bọ́tìnì tí kò sí yẹn, ẹran ara rẹ̀ tí wọ́n mú lọ ni.

Ọdún 1951 ni. Henrietta, tó ti ṣe oko tábà rí, tó sì ti bí ọmọ márùn-ún, ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Ó gba ilé ìwòsàn Johns Hopkins lọ ní Baltimore, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ń gba aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ wọn sí. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni dókítà ti gé ẹran wẹ́wẹ́ méjì, ọ̀kan níbi tí àrùn wà, ọ̀kan níbi tó dá ṣáká, ó di lábù! Ẹnikẹ́ni kò bi í pé, "Màdámù, ṣé ká mú un?" Lóòótọ́, àwọn dókítà ìgbà náà kì í sábà bèèrè. Ṣùgbọ́n gààrí lásán, ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò lórí àtẹ á kọ́kọ́ wo ojú ìyá tó ni ín.

Sẹ́ẹ̀lì ti àwọn ẹlòmíràn a máa kú láìpẹ́ ní lábù. Ti Henrietta ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́. HeLa ni wọ́n kọ sí ara ìgò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọmọ ọdún 31 péré, wọ́n sì sin ín láìsí òkúta orúkọ títí di 2010. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú títí dòní. Òun ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán fi ya òbírí tó wọnú ara wọn bí òdòdó sí gbogbo ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀, àmì ohun tí kì í kú. Ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní ọnà àdìrẹ.

Ohun tó tún dunni ni pé orúkọ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Fún ọdún púpọ̀, Helen Lane ni àwọn ìwé ìròyìn ń pè é. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan títí di 1973, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ń gba ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà. Ilé ìwòsàn ní òun kò tà á rí. Ó dáa, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tà á, nígbà tí àwọn kan nínú ìdílé rẹ̀ kò rówó ìtọ́jú ara wọn.

Ní 2021 ni ìdílé náà pe ilé iṣẹ́ Thermo Fisher Scientific lẹ́jọ́. Wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní 31 July 2023, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí Henrietta ì bá pé ọdún 103. Iye tí wọ́n san, wọn kò sọ fún aráyé.